Mo mọ orúkọ ajá wọn, mi ò mọ orúkọ tiwọn

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÈSÌ LÁTI ỌWỌ́ NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, torí náà èmi ni mò ń mú ajá wọn jáde láàárọ̀. Ṣùúrù ni wọ́n sọ ọ́. Ajá pupa kékeré ni, ó sì máa ń gbóòórùn ìdí igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù.

Burgess Park la máa ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ojú kan náà ni mò ń rí níbẹ̀. Àwọn ìyá ará Ṣáínà tó ń na apá na ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ létí adágún omi. Ọkùnrin kan tó máa ń sáré pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ pupa, òjò ì báà máa rọ̀. Àwọn tó ju ìwọ̀ sómi tí wọ́n ń retí ẹja. Bí mo bá sì yọ sí Old Kent Road, màá rí àwọn obìnrin wa, àwọn tó ń tún ọ́fíìsì ṣe, ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Mò ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn. A kì í kíra. Wọ́n á wo ajá, wọ́n á sì gbójú síbòmíràn.

Bàbá kan wà láàárín àwọn ará páàkì yìí, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, mo rò pé ará Jàmáíkà ni wọ́n. Fìlà pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń dé. Ajá wọn ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń díje eré sísá, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù fún un nígbà òtútù, nídìí afárá tí kò lómi lábẹ́ yẹn ni wọ́n sì ti máa ń dúró tún ẹ̀wù náà ṣe. Alfie lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní “Morning, darling,” èmi á tẹ orúnkún díẹ̀, màá fọwọ́ pa Alfie lọ́rùn, àwọn ajá á fimú kan ara wọn, oníkálukú á sì máa lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Mi ò mọ orúkọ wọn. Nínú ọkàn mi, Bàbá Alfie ni mò ń pè wọ́n.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò rí wọn mọ́. Mo ní bóyá wọ́n rìnrìn àjò ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá rí Alfie. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló mú un dání. Bí Alfie ṣe rí wa ló fà á wá sọ́dọ̀ wa, ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Ọmọbìnrin náà ní kí n má bínú, ó fa ajá rẹ̀, ó ń lọ. Mo fẹ́ bi í pé bàbá dà, ọ̀rọ̀ náà ò jáde lẹ́nu mi. Mò ń rò ó pé bó bá bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí wọn ńkọ́? Ọmọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀, pé níbí yìí wọn kì í wádìí ẹni. Ọkàn mi ò balẹ̀, Màmá. Ṣé kí n bèèrè? Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti kú ńkọ́, kí ni mo lè ṣe fún ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Peckham

ÈSÌ

Ẹ bèèrè, Ìyá Ìbejì. Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin náà lọ́la, ẹ bi í lọ́la. Ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ kí i. Ẹ pe ajá lórúkọ, kó lè rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ní bàbá kan lẹ máa ń rí pẹ̀lú Alfie láàárọ̀, pé ojú yín ti ń wá wọn, àti pé ẹ gbà á ládùúrà pé ara wọn le. Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ìwọ̀nba tó bá fẹ́ sọ. Bó bá ní wọ́n wà lọ́sibítù, ẹ má bèèrè irú àìsàn, ẹ má bèèrè wọ́ọ̀dù. Ẹ ní kó bá yín kí wọn. Kó sọ fún wọn pé ìyá tó ní ajá pupa, tí wọ́n máa ń pàdé nídìí afárá, ní òun ń kí wọn kú ìrọ́jú. Ẹnikẹ́ni ló lè ní kí wọ́n bá òun kí èèyàn. Kò béèrè ìbátan, kò sì béèrè orúkọ.

Ohun tó mú mi gbé lẹ́tà yín síwájú àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé bó bá bi yín pé kí lẹ jẹ́ sí wọn. Mo ti gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn rí.

Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Ìbàdàn. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ọkùnrin ni mo pẹ́ sí jù. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè mọ bí àwọn arúgbó tó ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ káwọn máa lọ sílé ti pọ̀ tó, tó sì jẹ́ pé ajá ló wà nílé tí kò sẹ́ni tó máa mú un jáde. Omi ń wọ̀ wọ́n lára lọ́wọ́, wọ́n á máa bi wá pé aago mélòó ló lù. Bàbá òyìnbó kan wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Ọsirélíà. Kò sẹ́ni tó wá wò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan dúró níwájú tábìlì wa, bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní òun wá wo ọkùnrin kan tó ní ajá funfun kékeré. A bi í lórúkọ aláìsàn, kò mọ̀ ọ́n. A bi í pé kí ló jẹ́ sí i. Ó ní, “A jọ máa ń mú ajá rìn ni.” Ẹni tó ń bá bàbá náà tọ́jú ajá ló sọ wọ́ọ̀dù fún un.

Òfin ò gbà pé ká kàn mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé. Mo lọ bá bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní obìnrin kan wà níta o, ohun tó sì sọ nìyí. Bàbá gbéra jókòó, ó ní kí n fún òun ní kóòmù. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń tọ́jú ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ kó béèrè kóòmù rí. Obìnrin náà jókòó tì í títí àkókò ìbẹ̀wò fi parí, ọ̀rọ̀ ajá ni wọ́n sì ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: èyí tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́, èyí tó kó sómi, èyí tó ti sanra jù. Ó tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn.

Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yẹn bá bi yín, ẹ sọ pé ẹ jọ máa ń mú ajá rìn ni. Ó tó.

Ti ẹnu yín tó wúwo, ẹ má rò pé ojo ni yín. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà, Stanley Milgram, tó kọ̀wé ní 1972 lórí àwọn tí ojú wọn mọ ara wọn tí wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ya fọ́tò àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, wọ́n sì padà lọ fi fọ́tò náà han àwọn èrò ọ̀hún. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dọ́gba, ojú mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá mọ̀ nínú àwọn tí kò bá sọ̀rọ̀ rí. Ohun tó kàn yín jù níbẹ̀ ni pé bí ìdákẹ́ náà bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ṣe ń ṣòro sí i láti sọ̀rọ̀. Bí irú wọn bá fẹ́ mọ aago tó lù, ẹni tí wọn ò rí rí ni wọ́n á kúkú lọ bi. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Milgram mẹ́nu ba obìnrin kan tó ṣubú lójú pópó ní Brooklyn. Ẹni tó pe áńbúláǹsì fún un, tó tún bá a wọkọ̀ dé ọsibítù, ẹni tó kàn ti ń rí i ládùúgbò láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ẹ̀yin àti bàbá tilẹ̀ sàn ju tiwọn lọ, torí ẹ̀yin ń kíra. Ìkíni ọdún mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré lójú Yorùbá.

Ọmọ yín ò parọ́ tán. Ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ yín dúró sí wà. Ẹ má tẹ̀ lé Alfie délé. Ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook pé ẹ ń wá olówó rẹ̀. Ẹ má pe King's College Hospital pé ṣé bàbá kan tó máa ń dé fìlà wà lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò ní dá yín lóhùn, wọ́n sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ní wọn kì í wádìí ẹni níbẹ̀, mi ò gbà fún un. Wọ́n ń wádìí ara wọn dáadáa, ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ń gbà. Ẹ dúró ní páàkì yẹn kí ẹ gbọ́: wọ́n á ní ẹsẹ̀ Alfie ńkọ́, ṣé Alfie ń jẹun, wọ́n á sì ti fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ẹni tó mú un dání sùn dáadáa. Òfin wọn tilẹ̀ wà láti 1992 pé ajá tó bá wà níta gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ lára okùn ọrùn, tàbí lára páànù kékeré tó so mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ ń fọwọ́ pa Alfie lọ́rùn, abẹ́ ọwọ́ yín ni orúkọ bàbá wà. Ẹ má wá bẹ̀rẹ̀ kà á báyìí o. Ẹ jẹ́ kó ti ẹnu ọmọbìnrin náà wá.

Ẹ má sì ro Bàbá Alfie tí ẹ ń pè wọ́n sí àrífín. Ní Ìbàdàn níbí, bí mo bá pe ọkùnrin kan ní Bàbá Bingo, ìjà lè dé. Ní páàkì tiyín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá ara wọn mọ̀. Èmi tí mò ń dá yín lóhùn yìí pàápàá, Ìyá Ìbejì ni mo mọ̀ yín sí, ó sì tó mi láti fi bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Mo mọ afárá tí ẹ sọ yẹn. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà kan, Grand Surrey Canal, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó igi gbà kọjá. Inú àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dí i pa. Iléru tí wọ́n ti ń sun òkúta fún ẹfun ìkọ́lé ṣì dúró nínú páàkì náà di òní. Ibi tí Ṣùúrù ti ń gbóòórùn koríko yẹn, ojúlé ni, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bọ́ǹbù ogun Hitler wó púpọ̀ nínú wọn, ìjọba sì wó ọ̀pọ̀ nínú ìyókù díẹ̀díẹ̀ láti fi ṣe páàkì. Mo tọ́jú àwọn àgbà kan ní wọ́ọ̀dù tó lè ka àwọn tó gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan ní òpópónà wọn lórúkọ, òpópónà tí kò sí mọ́. Bí ẹnì kan kò bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ nígbà náà, ẹni tó wà lójúlé kejì á kàn án. Àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn báyìí, oníkálukú ló ti ibi tó ti wá wá, kò sí ojúlé kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ajá kọjá lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ bí ẹnì kan kò bá jáde.

Bó bá wá jẹ́ pé bàbá ti lọ, ẹ ra káàdì. Ẹ má kọ ẹsẹ Bíbélì gígùn sínú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ wọn ò lè mọ̀: pé wọ́n máa ń dúró nídìí afárá tún ẹ̀wù Alfie ṣe kí òtútù má bàa mú un, pé wọn ò kọjá lára yín rí láìkí yín, pé ẹ máa ń retí ìkíni náà. Àwọn ará ilé mọ bàbá nínú ilé. Bàbá tó ń rìn ní páàkì kí ilẹ̀ tó mọ́, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ fọwọ́ sí i pé “Ìyá tó ní Ṣùúrù,” kí ẹ fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ará Jàmáíkà lóòótọ́, àwọn náà ní àìsùn òkú, Nine Night ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ àti orin máa ń wà, wọ́n á sì máa sọ ìtàn olóògbé dòru. Bí ìyẹn bá ti kọjá, tí wọ́n ní kí ẹ wá síbi ìsìnkú, ẹ lọ. Ẹ lè jókòó sẹ́yìn bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ sáré sọ kọjá nínú lẹ́tà yín, èmi ò sì lè sáré kọjá lára rẹ̀: àwọn obìnrin wa ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Mo bá wọn wọ 453 rí nígbà tí mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Tọ̀sán-tòru ni bọ́ọ̀sì yẹn ń ṣiṣẹ́, àwọn ló sì ń wọ̀ ọ́ láàjìn, kí ọ́fíìsì ti mọ́ kí àwọn olówó tó dé. Ẹlòmíràn nínú wọn tún ń lọ síbi iṣẹ́ kejì láti ibẹ̀. Wọ́n rí obìnrin Yorùbá tó ń fa ajá kiri ní fàájì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rèé, ajá tí wọ́n mọ̀ nílé, èyí tó ń buni jẹ ni. Ẹ fa okùn Ṣùúrù mọ́ra, kí ẹ mú un sí ọwọ́ kejì, kí ẹ wá kí wọn ní Yorùbá: ẹ kú ìdájí o. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí wọn, bí ẹ bá tilẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí ẹ̀yin lẹ sùn mọ́jú. Wọ́n lè má dáhùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ tún kí wọn lọ́jọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀ Mà. Mo máa ń sáré láàárọ̀ ní Bódìjà. Ọmọkùnrin kan wà tí mo máa ń pàdé, òun ló ń mú ajá ńlá méjì tí ọ̀gá rẹ̀ ní jáde. Mo ti kí i títí, kì í dáhùn, ajá ló máa ń tẹjú mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kan nínú àwọn ajá náà fi eyín ha mí lẹ́sẹ̀. Kò jinlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde. Ọmọ náà ò tilẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀ ni, àbí kí n yí ọ̀nà tí mò ń gbà padà?

Eléré Òwúrọ̀, Bódìjà

ÈSÌ

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìkíni ṣì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ni àkọ́kọ́. Bí lẹ́tà rẹ ṣe dé ni a ti fi fóònù pè ọ́, o sì ti lọ sí ọsibítù. Àwọn tó ń kà á ni mò ń bá wí báyìí, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú wọn tí ajá ti ha léyín tó sì fi epo pupa sí i.

Kò sí eyín ajá tó kéré. Bí awọ ara bá ti là, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ewé dí i, ẹ má fi epo sí i. Àrùn dìgbòlugi máa ń sápamọ́ sára fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tàbí oṣù, kó tó farahàn, bó bá sì ti farahàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá gbà á kó tó di ìgbà yẹn. Kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ gbà á pé. Ajá tó buni jẹ náà, ẹ má pa á. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, kí ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ sílé ọ̀gá náà, kí o sì lọ nígbà tí ọmọ yẹn wà níbẹ̀. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ajá ni kí o béèrè. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó jẹ́ àìbìkítà ẹni tó ra ajá ńlá méjì tó sì fi okùn wọn lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Olówó ajá ni kó san owó ọsibítù rẹ.

Ti ìkíni, ìwọ náà wò ó. Òun ló di okùn méjèèjì mú, ìwọ sì ń sáré bọ̀ níwájú ajá, ohun tó sì ń mú ajá lé èèyàn nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ìdí tó fi ń tẹjú mọ́ wọn nìyẹn, kí wọ́n má bàa já mọ́ ọ. Bí o bá rí wọn lókèèrè, rọra rìn, gba òdì kejì títì, kí o kí i láti ibẹ̀. Bó bá mi orí, ó ti dáhùn.